Àwẹ̀ró Opó àti Ohùn Afẹ́fẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Ṣé ẹ̀yin ọmọ yìí ò jẹun lónìí ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ọba. Ó bà lé Àwẹ̀ró opó. Ó bà lé Àkànmú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó bà lé ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo, ó bà lé ìgbín, ó wá bà lé Afẹ́fẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Àlọ́ yìí kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín.

Ọkọ Àwẹ̀ró kú. Àwẹ̀ró kò bímọ fún un. Wọ́n sin òkú, wọ́n ṣọ̀fọ̀, ọ̀fọ̀ tán. Àkànmú bá wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, èmi ni n ó ṣú ọ lópó."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ọkọ náà ni obìnrin ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó kú yẹn tó mi."

Inú bí Àkànmú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló rín. Ẹ bẹ̀rù àgbàlagbà tí wọ́n kọ nǹkan fún tó wá ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kò burú. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùnlé tí àbúrò mi fi sílẹ̀ nìyẹn. Gbin ọkà bàbà sí i. Bí o bá kórè, ilẹ̀ di tìẹ, ilé di tìẹ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè mọ́. Bí o kò bá kórè, yan ọ̀kan: yàrá mi, tàbí ọ̀nà."

Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi."

Ó roko. Ó gbìn. Ó tún ro ó. Ọkà bàbà hù, ó ga, ó yọrí. Ìgbà tó yọrí tán ni ẹ̀gà dé. Ẹ̀gà kì í dá rìn. Ìgbà wo lẹ rí ẹ̀gà kan ṣoṣo rí? Wọ́n ya bo oko, ariwo ta.

"Ta ló loko yìí?"

"Opó ni!"

"Ṣé ó lọ́mọ?"

"Kò lọ́mọ!"

"Ẹ jẹ́ ká jẹ!"

Torí ọmọ ni í ṣọ́ ọkà. Ilé tó bá lọ́mọ, ọmọ á wà lóko látàárọ̀, á máa sọ òkò, á máa hó yèè. Àwẹ̀ró ò ní. Ó sáré jáde, ó pàtẹ́wọ́, ẹ̀gà fò lọ. Ó lọ pọnmi, ẹ̀gà padà dé. Ó lé wọn, wọ́n fò. Ó gbé ìkòkò kaná, wọ́n padà. Ó bá lọ bẹ Ìyá Dúró, aládùúgbò rẹ̀ tí ọmọ kún ilé rẹ̀, pé kó yá òun ní ọ̀kan kó bá òun ṣọ́ ọkà.

Ìyá Dúró ní, "Èmi ò bímọ kó wá di ọmọ ọ̀dọ̀ opó."

Hùn! Ẹnu ènìyàn.

Àwẹ̀ró padà wálé, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùnlé, ó sunkún. Ó sunkún débi pé kò rí ẹkún sun mọ́. Ó nu ojú, ó gbójú sókè, ó rí ààtàn.

Ààtàn àdúgbò wà níbẹ̀ yẹn, ibi tí olúkúlùkù ń da ohun tí kò fẹ́ mọ́ sí. Ọmọrí ìkòkò irin kan wà níbẹ̀ tó ti là létí, Ìyá Dúró ló jù ú nù. Ìkarahun ìgbín wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, òjò ti fọ̀ wọ́n funfun. Àwẹ̀ró ṣà wọ́n sínú agbọ̀n. Ó wọ yàrá, ó mú ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ jáde. Ọ̀bẹ náà ò ní èèkù mọ́, irin lásán ló kù. Àkànmú ló jù ú sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹrù òkú, ó ní, "Mú ìyẹn, kò wúlò fẹ́nikẹ́ni."

Àwẹ̀ró dá ihò sí ìkarahun lára, ó ki okùn bọ̀ wọ́n. Ó so ọmọrí kọ́ sórí ẹ̀ka igi ìyeyè tó wà láàárín oko. Ó so ọ̀bẹ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó so ìkarahun yí wọn ká. Ó fi ìka tì wọ́n. Ọmọrí dún gbọ̀ọ̀n. Ọ̀bẹ dún tinrin. Ìkarahun ń dún gbako, gbako, gbako. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tì wọ́n nígbà tó bá lọ pọnmi?

Ẹ wá gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó ń tòògbé níbẹ̀ yẹn, la ojú ẹ.

Láyé ìgbà náà, Afẹ́fẹ́ ò ní ohùn. Ó ń rìn, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ. Ó ń wọ̀lú, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó ń kí i. Lọ́jọ́ náà ló ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀yìnkùnlé Àwẹ̀ró, ara rẹ̀ bá kan okùn.

Gbọ̀ọ̀n! Tinrin! Gbako-gbako-gbako!

Ẹ̀rù ba Afẹ́fẹ́. Ó dúró, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó tún mira, ó tún dún. Ohùn irin àti ìkarahun yẹn ló fi sọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń dún níbí?"

Àwẹ̀ró ní, "Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Ìwọ ni, Afẹ́fẹ́. Káàbọ̀."

Afẹ́fẹ́ tún fa okùn. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń rìn, ẹnikẹ́ni ò kí mi káàbọ̀ rí."

Àwẹ̀ró ní, "Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, wọn ò kí èmi náà mọ́. Bá mi lé ẹ̀gà. Ohùn yìí á máa jẹ́ tìẹ."

Afẹ́fẹ́ ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u o. N ò ní òmíràn."

Bó ṣe di pé Afẹ́fẹ́ ń wá láàárọ̀ nìyẹn, tó ń wá lọ́sàn-án, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gà, ẹ má jẹ ẹ́ o,
*Tinrin-gbako!*
Opó ló gbìn ín o,
*Tinrin-gbako!*
Kò lọ́mọ, ó lóhùn o,
*Tinrin-gbako!*
Ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀ o,
*Tinrin-gbako!*

Ẹ̀gà gbọ́, wọ́n ta gìrì.

"Yéè! Opó ti bímọ!"

"Mélòó?"

"Ta ló ń kà á? Ẹ fò!"

Wọ́n fò lọ. Ọkà bàbà gbó, orí rẹ̀ pọ́n, ó wúwo, ó tẹ̀ ba. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun yó. Nígbà míì ó máa jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, òun àti Afẹ́fẹ́ á máa sọ̀rọ̀.

Àkànmú yọjú lórí ògiri. Ó rí ọkà. Ó gbọ́ orin. Ó mọ̀ pé obìnrin yìí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò bá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ o. Ilé Ìyá Dúró ló gbà lọ.

Ó ní, "Ìyá Dúró, ṣé ọmọrí ìkòkò ẹ kọ́ ló ń dún lóko opó yẹn?"

Ìyá Dúró ní, "Èyí tí mo jù nù? Ẹ má dá a lóhùn, bàbá."

"O jù ú nù? Ohun tó ń sọ opó di ọlọ́kà lo jù nù? Ìwọ náà tún bojú wo abà tìẹ."

Ojú Ìyá Dúró là. Kò dúró wé gèlè. Ó kọrí sí oko Àwẹ̀ró, ó ní, "Mo wá mú ọmọrí mi."

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá Dúró, orí ààtàn ni mo ti rí i."

"Orí ààtàn tí èmi jù ú sí. Ṣé mo ní mo fi ta ọ́ lọ́rẹ ni?"

Ó tú u, ó kì í sí abíyá, ó lọ. Ṣé ó fi bo ìkòkò? Kò fi bo nǹkan kan. Abẹ́ ibùsùn ló jù ú sí.

Afẹ́fẹ́ dé lọ́sàn-án, ó mira. Tinrin, gbako, gbako. Kò sí gbọ̀ọ̀n mọ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọ̀fun ń dùn mí."

Àwẹ̀ró ní, "Fara dà á. Ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

Àkànmú tún wá ìgbín lọ sábẹ́ ewé kókò. Ó ní, "Ìgbín, ṣé o ò rí ilé ìyá ẹ tí opó so rọ̀ sórí igi bí ẹrù olè?"

Ìgbín fà, ó fà, ó dé ìdí ìyeyè. Ó na ìwo méjèèjì sókè. Ó ní, "Àwẹ̀ró, egungun ìyá mi nìyẹn. Egungun àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló yí i ká."

Àwẹ̀ró ní, "Ìgbín, èmi kọ́ ni mo jẹ wọ́n. N kò tilẹ̀ lówó ẹran."

Ìgbín ní, "Mo mọ̀. Àwọn tó jẹ wọ́n lágbára jù mí lọ. Ìwọ ni mo lè bá sọ ọ́."

Àwẹ̀ró dìde. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìkarahun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú ìgbín. Ìgbín wọ́ wọn lọ sínú igbó.

Ó wá ku tinrin. Afẹ́fẹ́ dé, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀gà gbọ́ ọ lórí ọ̀pẹ, wọ́n na ọrùn.

"Ohùn ẹ̀ ti ń lọ."

"Ẹ dúró ná. Ó ṣì ń dún."

Àkànmú wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ oko. Ó ní, "Ọ̀bẹ àbúrò mi dà?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin náà lẹ jù ú sí mi lẹ́sẹ̀."

"Mo jù ú sí ọ lẹ́sẹ̀, n ò fi jìn ọ́."

Àwẹ̀ró wólẹ̀. Ó di etí aṣọ Àkànmú mú. "Ọkọ mi, ọ̀la ni mo fẹ́ kórè. Ọ̀la péré. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọ̀la. Bí mo bá kórè tán, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ mú okùn, ẹ gé igi náà lọ."

Àwọn ará àdúgbò ti kóra jọ sẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wò. Ìyá Dúró wà níbẹ̀. Àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn ketekete. Kò sẹ́ni tó ní, "Àkànmú, fi sílẹ̀ di ọ̀la." Ẹnìkan húkọ́, ó tán síbẹ̀.

Àkànmú já ọ̀bẹ gbà lára igi. Ọ̀bẹ ò ní èèkù, ó gé e lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó fi ewé ọkà nuwọ́, ó lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀gà bà sórí ìyeyè.

"Ọmọ opó dà?"

"Ọmọ opó ti kú!"

"Ẹ jẹ́ ká jẹ!"

Wọ́n jẹ ẹ́. Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó hó títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀gà ń fò lápá ibí, wọ́n ń bà lápá ọ̀hún. Kí oòrùn tó kan àtàrí, pòròpórò lásán ló kù lóko.

Àkànmú ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Yàrá mi, tàbí ọ̀nà?"

Àwẹ̀ró di aṣọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọ̀nà."

Bó ṣe ń gba inú oko jáde ni Afẹ́fẹ́ dé. Okùn lásán ló bá lórí igi. Ó fa okùn náà, okùn ò dún. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń tú pòròpórò, ó ń yẹ abẹ́ ewé wò. Kò lè béèrè. Kí ló máa fi béèrè? Ó wá ń yí Àwẹ̀ró ká, ó ń fa ìró rẹ̀ bí ọmọ tí ń fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Àánú rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ wà o. Ó mọ ibi tí ọmọrí wà. Ó lè nàka sí wọn. Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo orí tó tò sẹ́bàá ògiri, tí wọ́n tún wá wò ó bó ṣe ń lọ. Kò nàka.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́, ohùn ẹ wà nílé wọn. Má bi mí pé ilé ta ni. Gbogbo wọn ni. Lọ wá a láti ilé dé ilé."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Afẹ́fẹ́ wá dìde. Ó ṣí òrùlé Àkànmú, ó tú yàrá rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò rí ọ̀bẹ, Àkànmú ti rì í mọ́lẹ̀. Ó wọ ilé Ìyá Dúró, ó ṣí gbogbo ìkòkò, kò dé abẹ́ ibùsùn. Ó wọ ilé kẹta. Ó wọ ìkẹrin. Ó ń wá a títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí Afẹ́fẹ́ kì í fi í kágò kó tó wọlé onílé. Bí òjò bá ṣú, òun ló ń kọ́ dé. Á gbá ilẹ̀kùn, á gbọn páànù wò, á ṣí ọmọrí ìkòkò, á da igbá délẹ̀, á já aṣọ lórí okùn. Ìgbín á sáré wọ inú ìkarahun, á panu mọ́. Ẹ̀yin á máa sọ pé Afẹ́fẹ́ ń pariwo. Ariwo wo? Kò ní ohùn kankan. Ilẹ̀kùn yín ló ń dún, páànù yín ló ń dún. Ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni, bóyá èyí ni tòun.

Ẹ tún máa ń sọ pé, "Kí la ṣe fún Afẹ́fẹ́?" Ilé ẹni tó mú nǹkan, ilé ẹni tí kò mú, bákan náà ló ń tú wọn. Ẹni tí kò mú náà wà lẹ́bàá ògiri lọ́jọ́ náà, ó ń wòran.

Mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ gbì, ibẹ̀ ni mo bá a dé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjì.