Okùn Ọrùn Akèrègbè

"Akèrègbè ló ń júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí òun lọ́rùn." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ilé adẹ́mu kan ló ti jáde.

Ní abúlé Ìdó-Ọ̀pẹ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Akèrègbè ló ń gbìn. Òun ló ń họ inú wọn, tó ń sá wọn, tó sì ń fi okùn sí wọn lọ́rùn fún àwọn adẹ́mu. Ògúnṣeyè ọkọ rẹ̀ náà, adẹ́mu ni. Ẹmu rẹ̀ dùn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Àṣà abúlé náà ni pé ẹni tó ta ẹmu gbọ́dọ̀ mu ahá àkọ́kọ́ lójú ẹni tó rà á, kí ẹ̀rù májèlé má baà bà á. Ilé tí Ògúnṣeyè ń gbé ẹmu dé sì pọ̀. Ahá kan níhìn-ín, ahá kan lọ́hùn-ún; kí oòrùn tó dé àtàrí, ọkùnrin tí kò tọrọ ọtí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti yó.

Àwẹ̀ró rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ òun ń wú. Ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú rẹ̀. Ó ń retí kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rí i. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ Ògúnṣeyè yọ̀ lórí ọ̀pẹ. Igbà tó fi gùn ún ló gbé e dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé wálé.

Akínlùyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó gba igbà náà, ó gbé e kọ́ èjìká. "O ò gun ọ̀pẹ mọ́ láyé. Ẹmu ò sì gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ mọ́."

Láléye, oníbàárà kan tó bá wọn níbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Oògùn ara ni ẹmu, ó ń la ojú. Kò tíì mu tó ni."

"Bó bá ń la ojú ni, Láléye, ìwọ ì bá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú," ni Àwẹ̀ró fi dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ mú igbà lọ, àmọ́ ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Adẹ́mu tí kò lè tọ́ ẹmu wò, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kí la ó máa jẹ?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Akínlùyì padà dé, Àwẹ̀ró kó akèrègbè àti okùn síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹmu tì í. "Bàbá Ìdòwú, ẹ mu ahá kan, kí ẹ so ọ̀kan."

Ògúnṣeyè mu ún, ó so ó. Okùn náà jókòó síbi tó yẹ. Ó mu ìkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó so ó, àmọ́ ó dì. Ó mu ìkẹta, okùn bọ́ sórí ikùn akèrègbè. Bó ṣe gbé e sókè ló yọ̀, ó ṣubú, ó fọ́.

"Okùn yìí ò dáa," ni Ògúnṣeyè wí.

"Èmi ni mo lọ́ ọ. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn."

Akínlùyì wúkọ́ kí ẹ̀rín má baà yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí akèrègbè méjì tó rí bákan náà nílé yìí," ni Àwẹ̀ró ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ta ló ń sọ ibi tí okùn yóò wà fún mi?"

Ọkọ rẹ̀ wo èyí tó dì. "Akèrègbè fúnra rẹ̀ ni. Ibi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Ẹ̀yin náà ti júwe tiyín. Bàbá ní kí ẹ má mu rárá, Láléye ní kí ẹ máa mu lọ. Ọwọ́ yín ló sọ òótọ́. Ẹ má kọjá méjì lóòjọ́."

"Bí mo bá darúgbó ńkọ́?"

"Ẹ ó tún so òmíràn wò. Ó lè má ju ahá kan lọ nígbà náà, ó sì lè má sí rárá."

Ọ̀pẹ kúkúrú tí kò gba igbà ni Ògúnṣeyè fi bẹ̀rẹ̀. Kò gbé ẹmu káàkiri mọ́. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan lábẹ́ igi ọdán, ó pe àwọn oníbàárà jọ, ó sì mu ahá kan lójú gbogbo wọn.

"Èmi ò rí i kí o mu tèmi!" ni Láléye pariwo.

"Ìkòkò kan náà ni, Láléye. Dúró kí o wò mí. Bí mo bá kú, má rà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láléye na ahá rẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹsẹ̀ Ògúnṣeyè tó wú ti rọlẹ̀. Akínlùyì fúnra rẹ̀ ló gbé igbà padà wá. Àwẹ̀ró dúró nídìí ọ̀pẹ, ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bó ti ń gùn ún. Ẹsẹ̀ náà kò yọ̀. Nígbà tó dórí ọ̀pẹ, orin ló ń kọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á. Bí ẹnì kan bá ń ráhùn pé wọn ò gbé òun gẹ̀gẹ̀, tàbí pé wọ́n ń ṣọ́ òun jù, wọn a ní kó wo ìwà ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń wá ẹni tí yóò sọ ìwọ̀n tirẹ̀ fún un, òwe kan náà ni wọn a pa fún un: akèrègbè ló ń júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí òun lọ́rùn.