Nígbà Tí Ọnàwùnmí Sọ Ẹkùn Di Ewúrẹ́

Ọnàwùnmí Àlàdé ni ó mọ ilẹ̀kùn gbẹ́ jù ní ìlú Òkè-Ìrókò, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni ó mọ oríkì ìdílé wọn jù. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé baba wọn ló la ọ̀nà ọ̀hún.

Nílé wọn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àbúrò a dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n a sì máa kì í títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wọn kú, Ọnàwùnmí lọ bẹ obìnrin mìíràn wá ki oríkì níbi ìsìnkú. Ó ní ohùn Àwẹ̀ró ti há. Háà! Láti ọjọ́ náà, bó bá dọ̀bálẹ̀, "Dìde" nìkan ni Àwẹ̀ró ń sọ.

Ọdún gorí ọdún. Àìsàn inú dá Ọnàwùnmí dùbúlẹ̀. Adáhunṣe wò ó títí, ó ní kí wọ́n kúkú máa fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú jẹ. Ọnàwùnmí mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Kì í ṣe oúnjẹ ló wù mí. Oríkì mi ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi kí n tó lọ."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ẹ lọ pe ẹni tí ohùn rẹ̀ kò há."

Ọnàwùnmí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwẹ̀ró ti ilẹ̀kùn. Ni aláìsàn bá fi ohùn bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀:

"Èmi Àlàdé, ọmọ ẹni tó gbẹ́ ewúrẹ́ sára ilẹ̀kùn,
Tí àwọn ará ilé ń já ewé fún un jẹ!"

"Irọ́!" Àwẹ̀ró ké láti inú ilé. "Ẹkùn ni!"

"Ewúrẹ́ ni mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó tilẹ̀ ní irùngbọ̀n."

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. "Baba tèmi ni agbẹ́wúrẹ́? Pa ẹnu dé, kí o gbọ́!"

"Àlàdé, ọmọ ẹni tó gbẹ́ ẹkùn sára ilẹ̀kùn,
Tí ajá ààfin kọ̀, tí kò wọlé mọ́;
Tí ọba fúnra rẹ̀ ń kágò kó tó wọ ilé ara rẹ̀!"

Ó ń kì í, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò dánu dúró. Ọnàwùnmí tí kò lè dá jókòó láàárọ̀ bá na ẹ̀yìn gbọnrangandan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀ yín níbi òkú ìyá wa. Ẹ forí jì mí."

"O ṣẹ̀ mí dáadáa, alágídí. Mo ti forí jì ọ́."

Obìnrin aládùúgbò kan yọjú. "Àwẹ̀ró, ṣebí ẹ̀ ń jà?"

Àwẹ̀ró nu ojú, ó gbé orí sókè. "À ń jà ni. Mo ha sọ fún ọ pé mo fẹ́ kó kú?"

Láràárọ̀ ni ó ń lọ kì í lórí ẹní, títí di òwúrọ̀ tí Ọnàwùnmí rẹ́rìn-ín sí oríkì rẹ̀, tí ó sì lọ bí ọba. Ẹnu Àwẹ̀ró ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe dòní pé: bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.