Ìkíni Tí Àwọn Ará Òdìkejì Odò Kì í Dáhùn

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn làwọn ará abúlé kan ti ń sọ ti àwọn Ẹ̀bìrà tó ti ń dáko ní òdìkejì odò láti ọdún méjì sẹ́yìn. Bí a bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Àwọn èèyàn ní olè ni wọ́n, wọ́n sì fẹnu kò pé lọ́jọ́ Àìkú àwọn yóò lé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Wúràọlá, ọ̀dọ́bìnrin kan ní abúlé náà. Ta ni yóò gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" tí yóò dákẹ́? Ó sọdá odò, ó bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ozohu níbi tó ti ń kó iṣu jọ.

"Ìyá, ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í dá wa lóhùn? Wọ́n ń sọ pé olè ni yín."

Ozohu gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún wa pé ẹni tó bá dáhùn ìkíni yín, àìsàn yóò dá a dùbúlẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ló sọ fún yín pé olè ni wá?"

Wúràọlá wá orúkọ ẹni náà nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ló bá mú Ozohu lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́ tán, ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí òdìkejì odò lọ́jọ́ Àìkú. Ó wá yíjú sí àlejò rẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá."

Ozohu dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Gbogbo wọn dúró díẹ̀, wọ́n ń wò ó. Nǹkan kan ò ṣe é. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àga wá, nítorí ọ̀rọ̀ ọdún méjì ló wà nílẹ̀.