Ìdí Tí Labalábá Fi Ń Fò Bí Ẹni Tó Sọnù

Nígbà láéláé, tí Labalábá ṣì ń fò gbọọrọ bí ọfà, Erin ọba ló máa ń sọ fún òjò iye ọjọ́ tí yóò rọ̀ lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó pe Labalábá. "Lọ bi àwọn ará ìlú. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fẹ́?"

Etí odò ni Labalábá gbà lọ tààrà. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì tutù.

"Ojoojúmọ́!" ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí.

"Ojoojúmọ́, kó fi òru kún un!" ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Akàn ní kí wọ́n fi yìnyín sí i.

Labalábá bi igba ẹnu. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ jẹ́ iṣẹ́.

Ni òjò bá dé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ibùsùn Erin ti ń léfòó lọ. Adìẹ gun orí Ọ̀bọ, Ewúrẹ́ gun orí Adìẹ. Ilé Eèrà wó.

"Labalábá! Ta lo bi?"

"Igba ni mo bi, Kábíyèsí!"

"Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan lo bi!" Ewúrẹ́ kígbe láti òkè.

Erin fọn imú. "Tún un ṣe. Bó o bá tún mú èsì játijàti wá, màá gba ìyẹ́ yẹn. Wàá padà máa fi ikùn wọ́ bí ìgbà tó o wà lọ́mọdé."

Labalábá sunkún lọ bá Ìyá Eèrà. "Ìyá mi, ẹ gbà mí! Mi ò lè bi gbogbo ìlú tán kí n tó kú."

"Ta ló ní kó o bi gbogbo wọn? Ìwọ ṣáà má fúnra rẹ yan ẹnikẹ́ni. Ibi tó tù ọ́ lára lo lọ níjelòó. Jẹ́ kí atẹ́gùn yàn fún ọ. Ibi tó bá jù ọ́ sí, ibẹ̀ ni kó o ti béèrè."

"Bó bá jù mí sí imú Ológbò ńkọ́?"

"Yára béèrè."

Labalábá tú ara sílẹ̀. Atẹ́gùn gbé e lu igi, ó gbé e sórí ìwo Ewúrẹ́, ó gbé e lọ sódò, ó sọ ọ́ sí ẹnu ihò Òkété. Ogójì péré ló bi. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń pariwo ojoojúmọ́, àmọ́ ohùn ẹnì kan ni, láàárín ogójì. Ọjọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ilé Eèrà gbẹ, odò ò sì gbẹ. Erin rí ibùsùn rẹ̀ gbà padà, ó fi ìyẹ́ Labalábá sílẹ̀ fún un. "Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fò gbọọrọ mọ́ láé!"

Láti ọjọ́ náà ni labalábá ti ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ọ̀nà rú lójú. Bó bá bà lé imú rẹ, má lé e o. Ìwọ ló kàn.