Ojú Tí Akínṣọlá Fi Sí Kọ̀ǹpútà Mi

Akínṣọlá tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ba iṣẹ́ ìwé títẹ̀ mi jẹ́. Mo sọ fún un pé, “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ mi ti gbó, ojú tó fúyẹ́, ètò tí àwòrán rẹ̀ kò pọ̀, ni kí o fi sí i.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin màmá yìí! Ojú àwọn arúgbó nìyẹn.” Ló bá fi èyí tó ń kọ mànà, tí gbogbo nǹkan ń fò bíi labalábá, sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ìyá àwọn oníbàárà mi kan, tí mo fẹ́ tẹ ìwé orin rẹ̀, ẹ̀rọ kò lè gbé ojú yẹn, ó gan pa. Wọ́n gbé òkú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ olóògbé ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa ìyá wọn.

Akínṣọlá wá ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tó lágbára. Ó dáa. Akínṣọlá, tẹ̀ lé mi lọ sílé olóògbé, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Ṣé wàá lọ àbí o ò ní í lọ? Dá mi lóhùn!