Ọmọ Tí Kò Gbọdọ̀ Béèrè Ẹni Tó Ń Pè

Ọkùnrin kan wà tó ń la pákó tà, tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wojú Olúwa. Bí ọmọ náà bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ohun tó sì fi ń yangàn jù ni ẹ̀kọ́ ilé tó kọ́ ọ. Ọmọ náà kì í kí àgbà lórí ìdúró. Bí àgbà bá rán an níṣẹ́, kì í béèrè ìdí. Àwọn ará àdúgbò a máa ní, "Ọmọ onípákó yìí mà gbẹ̀kọ́ o," inú bàbá a sì dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Nígbà tí ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ibẹ̀ jìnnà sílé. Ìyá rẹ̀ ní ó yẹ kó ní fóònù, kí àwọn lè máa mọ ibi tó dé. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Tọkọtaya náà bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta fóònù.

Ìyá nawọ́ sí fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì. Bàbá yínmú sí i. "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé èmi ni mo ra ìyẹn fún ọmọ mi?" Ó mú ńlá, èyí tó ń dán gbinrin. Obìnrin tó ń tajà kò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín tò ó kí ẹ tó lọ, sà. N ó ṣe é kó jẹ́ pé nọ́ńbà tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló lè pè é wọlé. Ẹlòmíì tó bá pè, kò ní dún rárá. Kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà mélòó ni kí n fi síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan, mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá pe ọmọ wọn tí kò wọlé, ṣé kí wọ́n ní mo tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ni? Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó."

Òwe gidi ni. Àmọ́ ta ló mọ gbogbo àwọn tó ni igba ojú náà? Obìnrin náà dá fóònù padà sínú páálí, ó gbé e fún un.

Ohun ayọ̀ kì í wọlé ẹni kí ará má gbọ́. Ọkùnrin náà ya ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ó gbé e sórí gúrúùpù ìdílé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwẹ̀ró wa ti ní fóònù o. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ẹ bá mi pè é, kí ẹ súre fún un." Àwẹ̀ró ni oríkì ọmọ náà. Ẹbí nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé fi fọ́tò náà àti ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àna, àwọn àna fi ránṣẹ́ sí ìjọ wọn, ìre sì ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan pè. Ọmọ náà ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fárígá. "Èmi! Ọmọ àná ló ń bi mí pé ta ni mí!" Ó pe àbúrò rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń sọ̀kò.

Ọkùnrin náà bẹ ẹ̀gbọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ kúnlẹ̀, kó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹni tó bá pè ọ́, tó ní bàbá rẹ lòun, bàbá rẹ ni! Ṣé o gbọ́?" Ọmọ ní òun gbọ́. Ìyá la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó dùn mí pé ó pa á dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́sàn-án, ohùn àgbà kan pe ọmọ náà lórí fóònù rẹ̀. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi! O ò mọ bàbá rẹ mọ́ ni?" Bó ti gbọ́ oríkì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fún ẹni tí kò lè rí i. Ohùn náà ní òun ti ìrìn àjò dé, òun mú bàtà bọ̀ fún un, kó wá pàdé òun ní ìkòríta tó wà lẹ́yìn pápá.

Ara ọmọ náà kò lélẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín kan ló pè mí. N kò mohùn wọn. Wọ́n ní kí n wá pàdé àwọn ní ìkòríta." Ẹ̀rọ ìlapákó ń ké létí ọkùnrin náà, oníbàárà sì dúró tì í. Kò gbọ́ ju "ẹ̀gbọ́n yín" àti "n kò mohùn wọn" lọ. Ó jágbe mọ́ ọn: "O tún ti bẹ̀rẹ̀! Ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe, ṣe é. Má dójú tì mí!"

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó rí i lẹ́bàá títì, ní ìlú tó jìn tó ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò, láìwọ bàtà. Ó wà láàyè. Gbogbo ènìyàn ní kí bàbá dúpẹ́, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ ọdún méjìlá yìí ń sá sí.

Ẹbí péjọ. Ẹ̀gbọ́n tó bínú lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń mi orí. "Ọmọ tó gbọ́n báyìí! Kí ló ṣe é tí kò fi béèrè ẹni tó ń pè é?"

Gbogbo ojú yí sí bàbá. Ìyá ọmọ ló dá wọn lóhùn. "Ó béèrè rí," ló wí. "A fìyà jẹ ẹ́." Ó dìde láàárín wọn, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tí o wá bi mí pé irú fóònù wo ló yẹ ọmọ rẹ, kékeré ni kí o rà. Kí ẹni tó tà á fún ọ tò ó lójú rẹ, kí o má kánjú. Má fi nọ́ńbà ọmọ ṣe sàráà. Àmọ́ bí o bá ṣe gbogbo èyí tán, tí o sì tún ń pariwo mọ́ ọn nílé nítorí ó bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, o kò tíì ṣe nǹkan kan. Pè é jókòó lónìí, kí o tó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é, kó béèrè orúkọ, bí wọn kò bá sì dáhùn, kó pa fóònù náà. Bó bá pe ìwọ alára, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò bínú. Jẹ́ kó bínú, kí o sì wá lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ṣeé bẹ̀. Ọkùnrin onípákó ti dọ̀bálẹ̀ bẹ ọmọ tirẹ̀ náà. Ọmọ náà kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò burú, sà."