Bí Aláǹtakùn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Jẹ Òwú Ara Rẹ̀

Ìgbà wo gan-an ni ìyá ọlọ́mọ lè fọkàn balẹ̀? Ìyá Àwẹ̀ró ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láti ọjọ́ tí ó ti bímọ, títí di òní olónìí kò tíì rí ìdáhùn. Bí ọmọ bá sùn, á gbé etí sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Bí ọmọ bá jí, á tún máa wò ó bóyá ó sùn tó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni Ìyá Àwẹ̀ró. Inú ihò igi àràbà ló ń gbé. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí rẹ̀, ọmọ tí ìrù rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ yín lọ.

Nígbà láéláé tí à ń sọ yìí, igbó kún dídì, ọ̀nà kò sì tíì là. Síbẹ̀, àwọn ẹranko kì í rìn gbéregbère bí wọ́n bá ń wá nǹkan. Ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn ni wọ́n ń lọ. Aláǹtakùn jókòó sí àárín igbó gan-an, sí àárín àwọ̀n ńlá tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ta sílẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń tú àwọ̀n ká. Èyí tí wọ́n bá ti ta, ó di títà nìyẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí o bá dé ilé ẹnìkan tí ó sì ṣe ọ́ lóore, wàá lọ sọ oore náà fún Aláǹtakùn, wàá sì gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Wàá so orí kan mọ́ ẹnu ọ̀nà tìrẹ, wàá so orí kejì mọ́ ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ò ń wí pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ yà síbí yìí o, ó dára." Gbogbo òwú náà ló gba iwájú Aláǹtakùn kọjá.

Ẹni tó bá wá nǹkan débẹ̀ á béèrè pé, "Bàbá, ta ló mọ ilé kọ́? Ta ló ní omi tútù?" Aláǹtakùn á ka òwú. Ilé tí òwú bá pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Á dárúkọ èkejì, á dárúkọ ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹwàá ńkọ́? Ta ló máa ń dúró gbọ́ ẹ̀kẹwàá!

Ní ọdún kan, ọyẹ́ mú. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Ètè gbogbo ẹranko bẹ́, omi odò tutù bíi yìnyín. Ni ikọ́ bá mú Àwẹ̀ró. Ó wúkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó la ẹnu láti pe ìyá rẹ̀, ohùn kò jáde mọ́ rárá.

Ìyá Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ bójú. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di aré, ó di ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ewé ikọ́?"

"Fara balẹ̀, kí n kà á."

"Bàbá, ẹ yára kà á!"

Aláǹtakùn kà, kà, kà. "Ìjímèrè ni. Òwú mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

"Ìjímèrè? Ìjímèrè tí mo mọ̀ yìí náà? Ìgbà wo ló di oníṣègùn?"

"Èmi ò mọ ìyẹn o, Ìyá Àwẹ̀ró. Òwú ni mo kà."

"Ta ló tún kù?"

"Ìgbín, ìyá àgbà tó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Òwú kan ṣoṣo."

Ìyá Àwẹ̀ró rò ó wò. Òwú kan, òwú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ̀yin náà, èwo lẹ máa lọ bá? Ó gba ilé Ìjímèrè lọ.

Òwú pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìjímèrè débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi là wọ́n kó tó wọlé. Ìjímèrè fò dìde, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyàwó wa! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ ti rí òwú mi níta, àbí? Ṣé ẹ kà á?"

"Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ewé ikọ́ ni mo wá gbà. Ọmọ mi ni."

"Ewé ikọ́? Ó wà! Èwo lẹ fẹ́, pupa àbí funfun?"

"Èyí tó bá ṣáà ń wo ikọ́ sàn."

"Áà, pupa nìyẹn. Pupa ti tán lánàá."

"Funfun ńkọ́?"

"Funfun ń bọ̀ lọ́la." Ìjímèrè wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó he nǹkan kan nílẹ̀. "Ẹ gba èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ná, ẹ máa fi pa á láyà."

Lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde.

"Ẹ wò ó," ni Ìjímèrè wí, "ó ti ń rẹ́rìn-ín."

"Ikọ́ ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Kì í ṣe ẹ̀rín." Ó ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Oòrùn ti wà ní àárín orí nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i. Èyí tó ń dùn ún jù ni pé kò gbúròó ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ tàn mí jẹ!"

"Èmi? Mo ka òwú fún ọ. Mi ò ṣì í kà."

"Ẹ kà á, mo gbà. Ṣé ẹ béèrè ibi tí òwú náà ti wá?"

Láti ayé bàbá bàbá Aláǹtakùn, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ibi tí òwú ń lọ nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn ò tọ òwú kankan padà wò rí.

"Ẹ gun orí mi," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Ẹ di etí mi mú. À ń lọ wò ó."

Ni ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń sáré lórí òwú, ọmọ lẹ́yìn, àgbàlagbà lórí. Wọ́n tọ òwú Ìjímèrè àkọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ahéré kékeré kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí ẹní nílẹ̀, kò sí eérú nínú ààrò. Ààrò gan-an kò sí. Aláǹtakùn fi ẹsẹ̀ kan òwú náà.

Wọ́n lọ sí ìdí òwú kejì. Ahéré òfo. Wọ́n lọ sí ìkẹta, ahéré òfo. Ìjímèrè ló kọ́ gbogbo wọn! Ahéré mẹ́rìnlélógójì ló fi ewé bò káàkiri igbó, tí ó so òwú láti ara ìkọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Òwú mẹ́ta tó kù wá láti ilé tí ẹnìkan ń gbé ní tòótọ́. Wọ́n bá Òkété ní ọ̀kan nínú wọn, ó ń gbẹ́ ilẹ̀.

"Òkété, ṣé o ti gba ewé ikọ́ lọ́wọ́ Ìjímèrè rí?"

"Ewé kẹ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ló fún mi, ó ní kí n ṣáà bá òun so òwú." Òkété tu itọ́. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún kò tilẹ̀ pọ́n."

Aláǹtakùn tún fi ẹsẹ̀ kan òwú.

"Ó ku ti Ìgbín," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí.

Ilé Ẹtu ni òwú Ìgbín kan ṣoṣo ti wá. Ta ni kò mọ Ẹtu nígbà yẹn? Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í yin ẹni tí kò bá tọ́ sí ìyìn. Ó rí ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìyá Àwẹ̀ró, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ikọ́ ni, àbí? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé yìí. Bí kì í bá ṣe ti Ìyá Ìgbín, méjì péré ni ǹ bá ní. Máa lọ, má dúró kí mi."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí òwú rẹ̀ fi jẹ́ ẹyọ kan?"

"Àwọn tó wò sàn pọ̀ jù mí lọ. Bí ara ọmọ wọn ṣe yá ni wọ́n gbàgbé. Òun náà kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó so òwú fún òun. Sáré, ìyá ọmọ, sáré!"

Ó sáré. Ní ìsàlẹ̀ odò, lábẹ́ ìtí igi tó ti rà, wọ́n bá Ìgbín níbi tó ti ń jẹ ewé díẹ̀díẹ̀.

"Gbé e wá, ọmọ mi," ni Ìgbín wí. "Ìwọ náà jókòó. O ò tíì jẹun, mo mọ̀."

Ìgbín fà lọ sí ìdí igi. Ó já ewé kan. Ó rún un. Ó dúró. Ó tún rún un.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ yára."

"Èmi? Kí n yára?" Ìgbín bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bí mo ṣe ń yára nìyí."

Omi ewé náà kán sí Àwẹ̀ró lẹ́nu: ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, ẹ̀kán mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ gbé etí sí imú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń lọ wọ̀. Aláǹtakùn ṣì wà láàárín etí rẹ̀, òun náà kò mira.

Nígbà tó pẹ́, Àwẹ̀ró wúkọ́ kan ṣoṣo, ikọ́ ńlá tó ní ohùn nínú. Ó la ojú.

"Màámi," ló wí, "ebi ń pa mí."

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó bú sẹ́kún. Ìgbín rọra na ìwo rẹ̀ kan, ó fi kàn án léjìká. Kò sọ pé kó dákẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, gbogbo igbó jí, wọ́n rí ohun tí wọn ò rí rí. Aláǹtakùn ti bẹ̀rẹ̀ láti etí àwọ̀n bàbá bàbá rẹ̀, ó ń jẹ òwú náà mì. Nígbà tí oòrùn yóò fi ràn, kò ku ẹyọ kan.

Ìjímèrè fi ọwọ́ lérí, ó ń ké. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àparò náà dé, ẹkún lòun ń sun. Àparò ló ń tẹ́ ibùsùn tó dára jù ní igbó, òwú mọ́kànlélógún ló sì ní, gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

"Bàbá, èwo ni mo jí nínú òwú mi?"

"Ìkankan. O ò ṣẹ̀ mí."

"Ẹ wá pa ilé mi rẹ́?"

"Òwú tìrẹ lọ́ mọ́ ti Ìjímèrè, mi ò lè jẹ ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Lọ máa tẹ́ ibùsùn rẹ bí o ṣe ń tẹ́ ẹ. Àwọn tó ti sùn lórí rẹ̀ á tún wá so òwú."

Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó tún máa dárúkọ Àparò bíi ti tẹ́lẹ̀. Títí di òní, kò tíì dárí ji Aláǹtakùn tán.

Aláǹtakùn ta àwọ̀n tuntun. Nínú èyí, kò ka iye òwú nìkan mọ́. Ó ń wo ilé tí òwú ti wá. Òwú kan láti ilé Ẹtu wúwo ju òwú ogójì ahéré lọ. Ìyá Àwẹ̀ró ló sì kọ́kọ́ so òwú sí i, láti ẹnu ihò igi àràbà dé ilé Ìgbín. Àwọn tó ti gbàgbé rí i, ojú tì wọ́n, wọ́n so tiwọn.

Ìjímèrè wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn. "Bàbá wa, ẹ ṣáà sọ ọ́ sí mi létí. Kí lẹ̀ ń kà báyìí? Ṣé ìrìn ẹsẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ ìrìn ni, àwọn ọmọ mi á máa sáré lórí òwú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

"Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún ọ ló máa bàjẹ́," ni Aláǹtakùn dá a lóhùn.

Ìjímèrè kò gbọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sáré lórí òwú. Ní ọjọ́ kẹta, Aláǹtakùn tún jẹ àwọ̀n yẹn náà tán, ó ta òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni aláǹtakùn kì í ti í jẹ́ kí àwọ̀n kan pẹ́ nílẹ̀. Á jẹ òwú ara rẹ̀, á ta òmíràn, kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Nígbà tí ọmọ ènìyàn náà wá ta àwọ̀n tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní ayélujára, ìwà aláǹtakùn yìí ló mú lò. Ìkànnì tí àwọn ìkànnì gidi bá ń nawọ́ sí ni ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn wá nǹkan níbẹ̀ ń kọ́kọ́ fi hàn. Ìkànnì tó sì wà lókè pátápátá lónìí, ẹ lè wá a tì lọ́la, bí ẹ̀rọ náà bá ti jẹ àwọ̀n àná, tí ó sì ta tuntun.

Ó pẹ́ gan-an, Àwẹ̀ró ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, kí Ìyá Àwẹ̀ró tó gbọ́ ohun kan tó yà á lẹ́nu. Aláǹtakùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ní ọjọ́ tó gbé e sórí tí wọ́n jọ ń wo ahéré káàkiri igbó, kò rí ahéré kankan. Ẹsẹ̀ ló fi ń kan òwú, tó ń gbọ́ bóyá ẹnìkan ń mí ní ìdí rẹ̀.